Ẹ̀rọ Tí Kò Gbọdọ̀ Pa Ara Rẹ̀

Ìyàwó mi ni mo fẹ́ fi yangàn níbí yìí, mo sì fẹ́ kó yé yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí inú bá ń bí, kó lọ kọ nípa ìyàwó tirẹ̀. Abọ́sẹ̀dé lorúkọ rẹ̀. Tíṣà ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìba, níbi tí à ń gbé. Àwọn ọmọ kéékèèké ló ń kọ́ ní a, b, d. Èmi Gbénga, rẹ́wáyà ni mí. Wáyà ọkọ̀ ni mò ń tún ṣe ní Òkòkòmáíkò, lẹ́bàá títì. Nítorí náà, bí mo bá sọ pé obìnrin yìí mú ẹ̀rọ ṣe ohun kan tí èmi tí mò ń fi iná jẹun kò rò pé ó ṣeé ṣe, ẹ mọ̀ pé ẹnu lásán kọ́ ni mo fi ń sọ ọ́. Ó tiẹ̀ dùn mí díẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Bàbá Àjàyí, àna mi, ń gbé lọ́dọ̀ wa. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní gárééjì a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo fẹ́ ìyàwó, wọ́n fi bàbá ìyàwó ṣe ènì fún mi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Káfíńtà ni Bàbá nígbà tí agbára ṣì wà. Bí ẹ bá wọ Navy Town, púpọ̀ nínú ilẹ̀kùn tí ẹ máa rí níbẹ̀, tó ṣì ń dé tí kì í ké, ọwọ́ Bàbá ló kàn án. Bó bá wá di ọjọ́ ìsinmi, wọn á wọ sùtánà funfun, wọn á fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọn á sì gbé orin. Ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì ni èmi ń lọ, bàtà mi a sì máa dán, ṣùgbọ́n mo ti dúró lẹ́yìn fèrèsé àwọn aláṣọ funfun yẹn rí títí ìsìn tèmi fi parí, nítorí ohùn bàbá yẹn nìkan.

Orin kan wà tó jẹ́ ti Bàbá gan-an. Ẹ̀mí ló fún wọn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará ìjọ wọn ṣe máa ń sọ. Inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti gbà á, kì í ṣe nínú ìsìn. Bí wọ́n bá ti kan ìṣó tó kẹ́yìn, tí wọ́n ń gbá ilẹ̀, ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń kọ ọ́:

Iṣẹ́ òòjọ́ ti parí,
Mo gbé irinṣẹ́ kalẹ̀;
Ọ̀gá tó rán mi níṣẹ́,
Wá wo ọwọ́ mi, kí O yọ̀.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn mú Bàbá lọ́nà ọ̀fun. Àwọn dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ, Ọlọ́run dá ẹ̀mí sí, ṣùgbọ́n ohùn kò padà wá mọ́. Ohun tó kù kò ju èémí lọ. Bí Bàbá bá fẹ́ sọ̀rọ̀ báyìí, ètè ló máa ń mì, Abọ́sẹ̀dé nìkan ló sì máa ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Èmi a máa gbọ́ ìdajì, màá sì fi ọgbọ́n orí kún ìdajì tó kù.

Àmọ́ kí wọ́n tó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ yẹn, Abọ́sẹ̀dé ti gbé fóònù síwájú bàbá rẹ̀, ó ní kí wọ́n kọ gbogbo orin tí wọ́n mọ̀. Mo rántí pé mo ní kí ló dé tó ń yọ bàbá arúgbó lẹ́nu. Ó gba àwọn orin náà sílẹ̀, ó kó wọn sínú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan tí a rà ní Alábà, ó tò wọ́n, ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Kò pẹ́ sígbà náà ni àwọn olè yọ fóònù yẹn lápò rẹ̀ ní Òkòkòmáíkò, níbi tó ti ń wọ ọkọ̀. Bí ohùn Bàbá ṣe kù sí ibì kan ṣoṣo nílé ayé nìyẹn: inú àpótí irin kan lórí tábìlì pálọ̀ wa.

Àpótí irin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Bí a bá tàn án, á máa ké gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń họ ìkòkò. Bí a bá ní kó ṣí orin kan, á rò ó títí kó tó dáhùn. A gbé e lọ fún Muheez, ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Alábà. Ọmọ dáadáa ni, kì í purọ́ fún kọ́sítọ́mà. Ó gbé etí sí i, ó sì mi orí.

"Àǹtí, hard disk yìí, ibi tó ń kó nǹkan sí, ti ń kú lọ o," ó ní. "Ẹ má gbé e kiri mọ́ rárá, gbígbọ̀n yẹn ò dáa fún un. Ẹ ra external, èyí tí wọ́n ń so mọ́ ọn látìta, kẹ́ ẹ máa kọ́pì ẹ̀ nílé, díẹ̀díẹ̀. Ó máa pẹ́ o. Tí light bá wá já lójijì níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, wàhálà. Tó bá sì parí tán tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ kó máa gbóná lásán, wàhálà náà ni."

Abọ́sẹ̀dé gbé kọ̀ǹpútà náà lé itan bí ọmọ títí a fi délé. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á pé ohùn bàbá òun yóò kú lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀rọ̀ iná, èmi ló kàn. Mo gbé bátìrì ọkọ̀ kan tó ṣì dára wá láti gárééjì, mo so ó mọ́ ínfátà kékeré tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé, mo sì so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ̀rọ kò ní mọ̀. Bátìrì náà lè gbé iṣẹ́ kọ́pì dé òpin, ṣùgbọ́n kò lè gbé ìmẹ́lẹ́. Bí kọ̀ǹpútà bá jókòó lásán lẹ́yìn iṣẹ́, á mu bátìrì gbẹ, á sì kú lójijì, ohun tí a sì ń sá fún gan-an nìyẹn.

Ẹ wá wò ó: ọ̀sán ni wọ́n sábà máa ń mú iná wá sí àdúgbò wa, nígbà tí èmi wà lábẹ́ ọkọ̀ tí Abọ́sẹ̀dé wà níwájú pátákó ìkọ̀wé. Bàbá nìkan ló wà nílé. Oògùn tí wọ́n ń lò a máa kùn wọ́n lóorun, Gẹ̀ẹ́sì tó wà lójú kọ̀ǹpútà kò sì yé wọn. Ta ni yóò mọ ìgbà tí iṣẹ́ parí? Ta ni yóò dá ẹ̀rọ dúró?

"Òun fúnra ẹ̀ ni," ni Abọ́sẹ̀dé wí.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe wáyà, n kò tíì rí gílóòbù tó na ọwọ́ tẹ súwíìṣì ara rẹ̀. Ó jókòó ti fóònù tuntun rẹ̀, ó ń wo fídíò bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣe é, ó ń dá a dúró, ó ń dán an wò. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ nílé ìwé. Nígbà tó yá, ó pe èmi àti Bàbá wá sídìí tábìlì.

"Bàbá, iṣẹ́ tiyín ò ju ẹyọ kan lọ," ó ní. "Tí iná bá ti dé, ẹ tẹ bọ́tìnì yìí. Ẹ padà síbi tẹ́ ẹ jókòó sí. Ó máa yẹ ara ẹ̀ wò, ó máa kó ìdọ̀tí inú ara ẹ̀ dànù, ó máa kọ́pì orin yín sínú external tá a rà yìí. Tó bá ti parí, ó máa pa ara ẹ̀."

Bàbá na ọwọ́ sókè. Ètè wọn mì. "Ta ló máa pa ara ẹ̀?"

"Kọ̀ǹpútà ni, Bàbá."

Bàbá ta ìka yí orí wọn ká. Mo gbọ́ èyí dáadáa, ìdajì kọ́: "Inú ẹ̀ ni ohùn mi wà. Nǹkan kan ò ní pa ara ẹ̀ nínú ilé yìí. Sọ fún un kó sinmi. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ tán, ṣe ló ń sinmi."

"Ó máa sinmi, Bàbá," ni Abọ́sẹ̀dé wí, kò sì rẹ́rìn-ín rárá. Èmi ni mo sá lọ sí kíṣìnì lọ rẹ́rìn-ín tèmi. Láti ọjọ́ náà, a lè pa fáànù, a lè pa iná, èmi a máa pa jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sọ pé òun pa kọ̀ǹpútà. Ó di ẹni tí ń sinmi nílé wa.

Ìgbà àkọ́kọ́, ó já wa kulẹ̀. Aago ni Abọ́sẹ̀dé fi sí i: bí aago bá ti lu báyìí, kó sinmi. Lọ́jọ́ náà iná pẹ́ kó tó dé, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò tíì rìn jìnnà tí aago fi lù, ó sì sinmi ní ẹnu iṣẹ́. Nígbà tí Abọ́sẹ̀dé dé, ẹ̀dà orin kankan kò pé. Èyí tó burú jù, orin kan tí ẹ̀rọ ń kà lọ́wọ́ nígbà yẹn kò ṣí mọ́, láéláé. Orin ìsọmọlórúkọ ni. Ìyàwó mi fi orí lé tábìlì, ó sì sunkún.

Bàbá fọwọ́ kàn án léjìká. Wọ́n béèrè báwo ni ẹ̀rọ náà ṣe ń mọ ìgbà tó yẹ kó sinmi.

"Aago ni mo ní kó máa wò, Bàbá."

Ètè Bàbá mì pẹ́ díẹ̀. Abọ́sẹ̀dé gbé ojú sókè, ó nu omijé, ó sì sọ ọ́ fún mi: "Wọ́n ní káfíńtà tó bá ń wo aago, ilẹ̀kùn ẹ̀ kì í dé. Wọ́n ní kó má wo aago. Iṣẹ́ ni kó máa wò."

Ó kúrò lẹ́nu ẹkún, ó bọ́ sídìí iṣẹ́. Ó tún àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀lé kọ, ìlà dé ìlà, tó fi jẹ́ pé bí èyí òkè kò bá parí, èyí ìsàlẹ̀ kò ní bẹ̀rẹ̀: yẹ ara rẹ wò, kó ìdọ̀tí, ṣe ẹ̀dà orin, bí orin ìkẹyìn bá ti wọlé pátápátá, ìgbà náà ni kí o sinmi. Kí Bàbá má baà rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́ bí ojú rẹ̀ bá ṣókùnkùn lójijì, ó fi ọ̀rọ̀ kékeré kan kún un lédè Yorùbá, tí yóò jáde sójú kọ̀ǹpútà kó tó lọ. Kò rí ibi tí yóò ti fi àmì ohùn sí i, ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: *Mo ti pari ise mi. Mo n lo sinmi. O daaro o, Baba.*

Mo kà á, mo ní ó dára. Èmi ọlọ́gbọ́n! Mo gbàgbé pé àwòrán Abọ́sẹ̀dé ló wà lójú kọ̀ǹpútà náà. Èmi fúnra mi ni mo gbé e síbẹ̀. Ó wọ sùtánà funfun, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ọjọ́ ìkórè ni wọ́n yà á.

Mo wà lábẹ́ ọkọ̀ akérò kan ní ọjọ́ kejì nígbà tí fóònù mi dún. Faridah ni, ẹni tó ń ta ọjà pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ níwájú ilé wa.

"Bọ̀dá Gbénga, ẹ sáré máa bọ̀ o! Bàbá ti wọ sùtánà, wọ́n ń sunkún, wọ́n ti ń lọ sọ́nà school. Mo dì wọ́n mú, wọ́n já mọ́ mi lọ́wọ́. Wọ́n ṣáà ń nawọ́ sí kọ̀ǹpútà yẹn, wọ́n ń pe Àǹtí."

"Kí ló ṣe Àǹtí?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan tí wọ́n ń sọ! Ẹ ṣáà máa bọ̀!"

Mo pe Abọ́sẹ̀dé. Ó dún títí, kò gbé e. Mo tún pè é. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní parọ́. Mo fi wáyà ọlọ́kọ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí, mo sì wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́. Gbogbo bí a ṣe ń lọ sí Ìba, mò ń bẹ Ọlọ́run, mo sì ń ṣépè fún gbogbo ọkọ̀ tó bá dí wa lọ́nà. Ọlọ́run gbọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá ni mo kọ́kọ́ rí. Wọ́n dúró lójú fèrèsé kíláàsì, eruku ti gba ìsàlẹ̀ sùtánà, ẹsẹ̀ wọn lásán. Ẹni tí kì í lè rìn dé òpin àdúgbò láti ìgbà tí wọ́n ti dé láti ọsibítù! Nínú kíláàsì, Abọ́sẹ̀dé mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, ó kẹ́yìn sí wa, ó ń kọ lẹ́tà sára pátákó. Ọmọbìnrin kékeré kan ló ké:

"Àǹtí! Áńgẹ́lì wà lójú wíńdò!"

Ó yíjú padà. Bàbá ti wọlé. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ojú ọmọ wọn mú, wọ́n fọwọ́ kan etí rẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan orí rẹ̀, bí ẹni ń yẹ pákó wò bóyá ó sán. Nígbà náà ni wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé. Ètè wọn ń mì.

"Kí ni wọ́n wí?" ni mo bi ìyàwó mi.

"Wọ́n ní..." Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Wọ́n ní wọ́n ti lẹ àwòrán mi."

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ọ̀dọ̀ wa, ẹ mọ ohun tó wà lára ògiri. Kò sí àdúgbò tí wọn kì í lẹ pósítà òkú sí: àwòrán olóògbé, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á sì kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére sí i lábẹ́. Àwọn aláṣọ funfun kì í sì í sọ pé ẹnì kan kú. Wọ́n á ní ó ti lọ sinmi ni. Bàbá jí lójú oorun ọ̀sán, wọ́n rí ọmọ wọn nínú aṣọ funfun, ó ń rẹ́rìn-ín: ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀, ó ń lọ sinmi, ó dàárọ̀ o, Bàbá. Kí wọ́n tó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn. Bẹ́ẹ̀, àwa ni a sá fún "pa", tí a lọ mú "sinmi"!

Mo fẹ́ bínú, n kò rí ẹni tí màá bínú sí. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, omi ló jáde lójú mi. Mo wo àtẹ́lẹsẹ̀ àna mi, mo sì sọ lọ́kàn ara mi pé bí wọ́n bá tún fi bàbá yìí ṣe ènì fún mi lẹ́ẹ̀mejì, màá gbà.

Abọ́sẹ̀dé kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n. Lójijì ó gbé orí sókè.

"Bàbá," ó ní, "ẹ rí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an? Gbogbo ẹ̀? 'Mo ti parí iṣẹ́ mi'?"

Bàbá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó fò sókè, ó kígbe, àwọn ọmọ kíláàsì sì bá a kígbe láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ti yé e kó tó yé mi. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ìlà ìkẹyìn nínú àṣẹ náà. Kò lè jáde bí orin kan ṣoṣo bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn. "Ó ti parí, Bàbá!" ó ń sọ. "Ó ti kó gbogbo ẹ̀! Ohùn yín ti jáde kúrò níbẹ̀!"

Nígbà tí a délé, ó ṣí ẹ̀dà náà. Orin tó bàjẹ́ nìkan ni kò sí. Gbogbo ìyókù pé, wọ́n sì ń dún geere. Bàbá gbọ́ díẹ̀, wọ́n sì nawọ́ sí ojú kọ̀ǹpútà pé kó yọ ọ̀rọ̀ burúkú yẹn kúrò.

"Kí ni ká wá fi síbẹ̀, Bàbá?"

Bàbá fi ìka kan ọ̀fun ara wọn.

Lẹ́yìn bí oṣù mélòó kan, dísìkì àtijọ́ yẹn kú tòótọ́. Mo lè pè é ní kíkú báyìí, kò sẹ́ni tó máa bá mi wí. Muheez wá fi tuntun sí i nílé, ó ń kí wa kú ìbànújẹ́, Abọ́sẹ̀dé sì gbé oúnjẹ fún un. Ìyàwó mi dá orin padà sínú rẹ̀, ó tún àṣẹ rẹ̀ tò, ó fi ohun tí Bàbá béèrè sí ìlà tó kẹ́yìn. Ìsinmi ilé ìwé ni, òun náà wà nílé. Mo ti gárééjì pa, mo ní ara mi ò yá. Ara mi yá.

Iná dé. Bàbá dìde, wọ́n fi ìka kan tẹ bọ́tìnì, wọ́n sì padà jókòó bí ọ̀gá tó ti gbé iṣẹ́ fún ọmọṣẹ́. A jókòó tì wọ́n. Ẹ̀rọ náà ń kùn jẹ́jẹ́, ó ń yẹ ara rẹ̀ wò, ó ń kó ìdọ̀tí, ó ń ṣe ẹ̀dà. Nígbà tó ṣe tán, kò kọ nǹkan kan. Ohùn ló jáde, ohùn Bàbá, tó nípọn, tó kún pálọ̀ bámúbámú:

Iṣẹ́ òòjọ́ ti parí,
Mo gbé irinṣẹ́ kalẹ̀...

Faridah dín rédíò rẹ̀ kù níta. Ètè Bàbá ń bá orin náà lọ, kò yẹ̀ rárá. Nígbà tó dé "wá wo ọwọ́ mi," wọ́n ṣí àtẹ́lẹwọ́ wọn sókè lórí orúnkún, wọ́n sì fa ọwọ́ Abọ́sẹ̀dé wá, wọ́n ṣí tirẹ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Orin parí, ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn, ó sinmi.

Mo sún mọ́ wọn, mo na ọwọ́ tèmi náà sí i, pẹ̀lú gbogbo gírísì ara rẹ̀, nítorí èmi ni mo so bátìrì.